Bí Ohùn Bá Pè Ọ́, Dáhùn: Ìtàn Èmi Wolé-wolé Iwin

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe láyé, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí aṣọ kì í dọ̀tí níbẹ̀, kó máa lọ, tèmi kò ní wúlò fún un. Inú àjà ilé onílé ni mo ti lo agbára mi, láàárín ìgbẹ́ èkúté àti wáyà iná tó ti bó, mò ń wá òkú tí kò sí níbẹ̀.

Àgádágodo ni mò ń tà ní Ọ̀yìngbò, àgádágodo, hínjì àti ìṣó. Ìwé tí mo kà kò ju kí n kọ orúkọ mi, Sìkírátù, láìsí àṣìṣe. Bí mo ṣe kọ ọ́ tán ni mo ní ó tó, ọjà ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n mọ̀ mí sí ní Muṣin, ní Súrùlérè, títí dé Yábàá, ni Wolé-wolé Iwin. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè, wọ́n mọ wolé-wolé, àwọn tó máa ń ṣí ìkòkò omi wa wò láyé ọjọ́sí bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni tèmi. Bí wọ́n bá ní iwin wà nílé, èmi ni mò ń lọ ṣí ìdérí wò.

Bí mo ṣe bọ́ sínú rẹ̀ kò gùn. Obìnrin kan tó ń gbé nítòsí ojú irin máa ń wá ra àgádágodo lọ́wọ́ mi. Ó rà á lọ́sẹ̀ kan, ó tún padà lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ìyá, ṣé ilé lẹ ń tì ni àbí báńkì?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilẹ̀kùn mi ló ń ṣí fúnra rẹ̀. Màá tì í látinú, màá jókòó, màá sì máa wò ó bó ṣe ń ṣí."

Bàbá kan ń ṣa hínjì níbẹ̀. Bàbá Làmídì ni wọ́n, káfíńtà ní Pápá Àjàó, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbé hínjì sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó." Mo ti ìsọ̀ mi, mo tẹ̀ lé wọn. Kì í ṣe àánú ló mú mi lọ o. Iwin tó ń ṣí àgádágodo tí mo tà ni mo fẹ́ lọ rí, kí n bi í pé ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá bu omi sínú ife, wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. A jókòó títí ìdí fi ń ro mí. Nígbà tí rélùwéè ń bọ̀, omi inú ife ló kọ́kọ́ gbọ̀n. Ilẹ̀ gbọ̀n. Irin tí àgádágodo kọ́ sí yọ kúrò lára férémù, ilẹ̀kùn sì ṣí wẹ́rẹ́. Igi férémù yẹn ti jẹrà. Bí obìnrin náà ṣe ń ra àgádágodo ńlá sí i ni ìwúwo rẹ̀ ń fa irin jáde sí i.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, iwin. Ìdúró wo lẹ ti wọ rélùwéè?"

A jáde síta. Bàbá dúró. "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ó ní iwin ni, Bàbá."

"Ó ní ilẹ̀kùn òun ń ṣí. Ṣé kò ṣí ni?"

"Ó ṣí, Bàbá."

"Ohun tó rí, gbà á gbọ́. Orúkọ tó sọ ọ́ nìkan lo lè bá a jiyàn lé lórí."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu àgbà, ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi. Èyí kò bọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ mi. Ọkọ mi ní, "O ti ní ọjà, kí lo tún ń wá lọ sílé iwin?" Mo ní ẹ̀rù ló ń gbé àwọn oníbàárà mi wá láti ọjọ́ yìí, ó yẹ kí n lọ kí ẹ̀rù nílé rẹ̀ kí n sì dúpẹ́.

Bàbá Làmídì le bí igi ìrókò. Wọn ò gbà kí n rẹ́rìn-ín lójú onílé. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú bàbá mi, nítorí pé ẹni tó ń ṣe wáàsí ṣi orúkọ òkú pè, ẹ wo ìyà. Wọn ò gbà kí n sọ pé "iwin ni", wọn ò sì gbà kí n sọ pé "kì í ṣe iwin". Ohun tí mo bá rí ni kí n sọ. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́ mi kò sì pọ̀. Ta ló gbọ́ ọ? Níbo ló wà nígbà tó gbọ́ ọ? Ta ni yóò kó ẹrù jáde bó bá jẹ́ iwin lóòótọ́? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ti lé iwin jáde ní ilé tó pọ̀ ní Muṣin, nítorí pé onílé tó fẹ́ lé ayálégbé ló gbé e wọlé.

Ibi tí a ti jà nìyí. Ilé kan ní Yábàá ni, wọ́n ní ohùn ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ní kí n jókòó sínú yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó. Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́, "Sìkírá."

Mi ò dáhùn.

"Sìkírá."

Mo di ẹnu mi mú. Gbogbo ẹ̀yin tí ìyá Yorùbá bí, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé bí wọ́n bá pè mí tí mi ò rí ẹni tó pè mí, mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn, ẹni tó bá dáhùn ti bá a lọ. Mo jókòó bí ère títí Bàbá fi ṣílẹ̀kùn.

"Mo pè ọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí ló dé tó ò dáhùn?"

"Mi ò rí yín."

"Ta lo wá rò pé ó ń pè ọ́?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Nítorí pé a ò mọ̀ ni wọ́n ṣe pè wá. Padà sídìí àgádágodo ẹ. Ẹni tí kò lè dáhùn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí."

Wọ́n lé mi. Mo padà sí Ọ̀yìngbò, inú bí mi débi pé mo ń fi ìṣó júwe ọ̀nà fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni mí, ẹ bi ọkọ mi. Mo ní bó bá jẹ́ ìdáhùn ni, màá dáhùn títí yóò fi sú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe Sìkírá nínú ọjà, mo ti dáhùn, mi ò wo ẹ̀yìn wò. Ẹ sì mọ iye Sìkírá tó wà ní Ọ̀yìngbò. Èmi ni mo dá aláta lóhùn, èmi ni mo dá ọkọ oníkókò lóhùn, tí ìyàwó rẹ̀ fi wá bá mi pé kí ni mò ń wá. Wọ́n ní orí mi ti dàrú. Lọ́jọ́ kan ohùn kan pè mí látẹ̀yìn ìsọ̀, níbi tí páànù dí lójú, mo ní, "Hẹ̀n, mò ń bọ̀," kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Bàbá Làmídì ló yọ jáde. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gbé àpótí ẹ, ilé kan wà ní Ojúẹlẹ́gba." Báyìí ni mo ṣe padà sẹ́nu ẹ̀kọ́.

Wọn ò sọ ìdí tí ìdáhùn fi jọ wọ́n lójú tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n di àpótí náà mú dáadáa.

Àpótí ìjókòó yẹn ni irin iṣẹ́ wa àkọ́kọ́. Ìkejì ni ife omi. A ní àbẹ́là tí a fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń yọ́ wọlé, òwú tí a ń ta sẹ́nu ọ̀nà, àti páúdà ọmọdé tí a ń dà sílẹ̀ kí ẹni tó bá kọjá lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Páúdà yẹn ti mú ológbò, ó ti mú àna onílé, ó ti mú pásítọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Ẹni tó sọ ọ́ kò ṣe iṣẹ́ wa. Àgbà ni mí, èmi náà ni mò ń gun òkè àjà.

Fóònù wá dé. Kámẹ́rà rẹ̀ dùn mọ́ mi, ó ń wo ilẹ̀ fún mi nígbà tí mo bá lọ jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní Súrùlérè, ó ní nǹkan wà nínú fóònù òun tó ń dún bí iwin bá wà nítòsí. Ó gbé e kọjá lára fíríìjì, ó dún. Ó ní, "Màmá, ó wà níbí o." Ó gbé e sún mọ́ mi, ó dún ju ti fíríìjì lọ. Mo ní, "Ọmọ mi, o ti mú mi. Má sọ fún ọkọ mi." Ìdì kọ́kọ́rọ́ ìbàdí mi ló ń dún sí. Irú wọn pọ̀ báyìí. Wọ́n á ya fídíò ẹ̀rù ẹlẹ́rù, wọ́n á gbé e sórí fóònù kí gbogbo ayé wá fi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fẹ́ràn ẹ̀rín ló ń sọ fún yín pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́, òfófó ni.

Ẹ ó bi mí pé ṣé n kò rí èyí tó jẹ́ òótọ́ rí. Ilé kan wà ní Yábàá tí òórùn sìgá máa ń kún yàrá kan, lójijì, lọ́sàn-án. Mo wá a lókè, mo wá a nílẹ̀, mo gbóòórùn aládùúgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọ̀kan fi fẹ́ gbá mi. Mi ò rí ìdí rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé mo gbóòórùn rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tó ti ń wá. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò pa irọ́ fún wọn. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó wá ku ti ilé kan ní Ìpọ̀nrí.

Mo ti dàgbà nígbà yẹn, Bàbá Làmídì kò sì jáde mọ́. Obìnrin aránṣọ kan ló ránṣẹ́ pè mí, Ìyá Wàsíù. Ọmọ rẹ̀, Wàsíù, ti di géńdé, ó ń ṣiṣẹ́ rẹwáyà, ó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ó ga débi pé títẹ̀ ló ń tẹ̀ kó tó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo dé, báàgì ọmọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀yọ́ ni ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e sá lọ.

Mo ní, "Ta ló gbọ́ ọ?"

"Gbogbo wa, Ìyá. Láti ọ̀sán àná."

"Níbo lẹ wà?"

"Yàrá yìí. Láti ara ògiri yẹn ló ti ń pe orúkọ ọmọ mi."

"Ta ni yóò kó ẹrù jáde?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi náà ni. Ìyá ọkọ mi tó kú ló ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bó bá dá wọn lóhùn, ó ti bá wọn lọ nìyẹn."

Wàsíù dúró tì í. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni di ọmọ kékeré mú lójú títì.

Mo bèèrè ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ní ilé òfìfo ni, wọ́n ti tà á, wọ́n fẹ́ wó o, àwọn ayálégbé ti kó lọ pátápátá. Àdúgbò kejì ni géètì rẹ̀ wà, àgádágodo sì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé àpótí mi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo jókòó. Gbogbo ilé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bí ẹni wo eléré.

Kò pẹ́. Ohùn náà dé, ó rẹlẹ̀, ó ha, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. "Wàsíù."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Wàsíù o."

Ẹ gbọ́, mo ti ń dá ohùn lóhùn láti ìgbà tí púpọ̀ nínú yín kò tíì dáyé. Síbẹ̀ ìyá mi tó ti wà nínú ilẹ̀ ń fà mí láṣọ lẹ́yìn. Mo fi ọwọ́ gbá orúnkún mi, mo ní, "Mo gbọ́ o. Ta ló ń pè?"

Ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà ti ń ka Àyátù Kúrúsíyù láti inú Àlùkùránì. Ìyá Wàsíù ní, "Ìyá, ẹ ti pa wá."

Ohùn náà ní, "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta?"

"Àbẹ̀ní. Omi ni mo fẹ́. Láti àná lẹ ti ń gbọ́ mi, ṣé etí yín di ni?"

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé alààyè ni. Mi ò tíì pàdé òkú tó ń báni jà nítorí pé a pẹ́.

Wàsíù ja ọwọ́ ìyá rẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Ìyá Ẹ̀yìn Ògiri ni!"

Arúgbó kan ni, tó ti gbé ilé kejì yẹn pẹ́, kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú nígbà tí wọ́n tà á. Láti ìgbà tí Wàsíù ti wà ní kékeré, bí arúgbó náà bá fẹ́ omi, wọ́n á dúró sẹ́yìn ògiri, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, ọmọ náà á sì gun ògiri àgbàlá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Òun ni wọ́n pè nítorí pé òun ló máa ń dáhùn.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ìkòròdú ni wọ́n wà. Bó bá jẹ́ pé ohùn yẹn ń tàn wá ńkọ́?" Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. "Kò sẹ́ni tó máa jáde."

Mi ò bá a jà. Ẹni tí ọmọ kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Mo ní, "Jẹ́ kí ó dúró. Èmi tí mo dáhùn ni màá lọ." Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, mo yí lọ sí àdúgbò kejì, àwọn kan tẹ̀ lé mi pẹ̀lú òòlù.

Àgádágodo ẹnu géètì náà tóbi, ó sì dára. Ẹni tó ń bá onílé tọ́jú ibẹ̀ ti tì í, kò sí nítòsí. A lù ú, kò já. A tún lù ú. Mo bú àgádágodo, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú ẹni tó tà á, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń polówó pé ọjà mi kì í já. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ Ọlọ́run pé kí n jẹ́ òpùrọ́.

Ibẹ̀ ni a wà tí a fi gbọ́ ohùn géńdé láti ẹ̀yìn ilé. "Màmá, mo gbọ́. Mò ń bọ̀."

Wàsíù ti já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ti gun ògiri, bó ṣe máa ń gùn ún ní kékeré. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tó dáhùn, ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bo ojú rẹ̀, ó ń dúró kí ọmọ náà kú. Ọmọ kò kú. Ó gbé arúgbó náà jáde sí àgbàlá lórí apá rẹ̀. Wọ́n ti padà wá mú ọlọ tí wọ́n gbàgbé sílé ni, pákó ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ìbàdí wọn ṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú ilé sì ti géètì láìwo inú. Fóònù wọn wà nínú báàgì ní yàrá iwájú. Wọ́n ń gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń pè é títí fóònù fi kú.

Ìyá Wàsíù fúnra rẹ̀ ló gbé omi wá, ó na ife láti orí ògiri. "Ẹ má bínú, Ìyá. A rò pé òkú ni yín."

Arúgbó mu omi tán kí wọ́n tó dáhùn. "Mo gbọ́ àdúrà yín. Ẹ ní kí n padà síbi tí mo ti wá. Mo kúkú fẹ́ padà, ta ni yóò ṣí géètì?"

Wọ́n gbé wọn lọ sí ọ́sípítù. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn títí di òní. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ènìyàn búburú nínú ilé yẹn. Gbogbo wọn gbọ́. Ìfẹ́ ọmọ ló dí wọn lẹ́nu, ìfẹ́ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa arúgbó tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Mo lọ sọ ọ́ fún Bàbá Làmídì ní Pápá Àjàó. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì iṣẹ́ wọn tí wọn ò lò mọ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O dáhùn?"

"Mo dáhùn, Bàbá."

Wọ́n ń fi ọwọ́ ra pákó tábìlì náà. Wọ́n wá sọ ohun tí mo ti ń bi wọ́n láti ọjọ́ yìí. "Àbúrò mi pè mí nínú kànga gbígbẹ, ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí a wà ní kékeré. Mo mọ ohùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní kí n má dáhùn, pé kì í ṣe òun. Mi ò dáhùn." Èmi tí gbogbo nǹkan ń pa lẹ́rìn-ín, mo gba òòlù wọn, mo ń kan ìṣó tí kò nílò kíkàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí nínú yín, fóònù kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rà. Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ẹ̀rù yóò máa bà yín, kò ní tán, tèmi kò tán. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, àgádágodo wà, ọjà gidi ni.

Èmi ti fẹ̀yìn tì, orúnkún mi kò gba àjà mọ́. Lánàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ní Muṣin, ohùn kan pè láti ẹ̀yìn ilé, "Sìkírá."

Mi ò rí ẹni tó pè. Mo ní, "Hẹ̀n, mo gbọ́ o."

Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin. Sìkírá onídìrí ni mò ń pè."

Mo ní kò burú. Ó tún pè é, Sìkírá onídìrí kò dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé rẹ̀ tó wà lẹ́yìn tèmi dákẹ́. Mo wá bàtà mi, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.